Omikan Inú Abọ́ Idẹ

"Bísọ́lá, má bu sobo sínú idẹ fún ọmọ yẹn mọ́." Ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sọ ọ́ lórí Wasáàpù láàárín wákàtí kan, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ kò dáhùn, ìgbà kejì ó fi àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́, ìgbà kẹta ló tó pè mí. Ọmọ mi obìnrin ni Bísọ́lá. Èkó ló ń gbé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe ni. Kí n má parọ́, pálọ̀ náà dára. Idẹ ni ọwọ́ ìlẹ̀kùn, idẹ ni ọ̀pá tí kọ́tìnnì rọ̀ sí, ó gbé dígí ribiti kan tí wọ́n fi idẹ yí etí rẹ̀ ká kọ́ ara ògiri, tábìlì àárín ilé sì ní ẹsẹ̀ idẹ mẹ́rin. Orí tábìlì yẹn ló gbé abọ́ idẹ ńlá kan lé, ó wá fi ife idẹ mẹ́fà yí i ká. Ó ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè yìn ín. Mo ti ń yìn ín bọ̀ kí n tó kan fọ́tò kẹrin, níbi tí sobo ti kún abọ́ náà dé etí, tí Ayọ̀mídé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife idẹ mú, tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó lá osùn.

"Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," ló kọ́kọ́ wí nígbà tó pè.

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀rù ni. Mo ra fáànù, ẹ ní á já lu ọmọ. Mo ra fíríìjì, ẹ ní ọmọ á kó sínú ẹ̀. Ó wá kan ife báyìí."

"Ṣé fáànù kì í já ni?"

"Mọ́mì, àwọn ará Íńdíà ń fi irú ẹ̀ mumi."

"Omi lo sọ yẹn. Ṣé omi ni sobo? O ò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ni?"

Ó ní òun fún un sí i, òun sì tún fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ bá mi kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ kí n kà á, torí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ máa ń pariwo." Ó pa fóònù. Mo jókòó síbẹ̀, inú ń bí mi. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ọmọ náà jàre dé ìwọ̀n kan. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni mo ti ń sọ fún un pé má ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún, ṣùgbọ́n ti idẹ yìí, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, mo sì ń kọ ọ́ yìí, fún òun àti fún gbogbo ẹni tó bá kà á.

Ìlú Ìlá ni mo dàgbà sí, nílé bàbá mi, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá bàbá mi, la máa ń kọ́kọ́ gbọ́, ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ìyá mi tó ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé, nítorí ògì ló ń tà, omi á máa ro tótó láti inú asẹ́ sínú ìkòkò. Rédíò bàbá mi á wá kóhùn sí i, ó máa ń han bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. A ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, tàbí iṣu sísun àti epo, a ó sì lọ sílé ìwé. Èmi ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Àbúrò mi Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé wa kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan ju kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì méjì lọ, kò sì sí ẹni tó ti ipa bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn rí. Ọdún yẹn gan-an ni Àǹtí Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, pinnu pé òun fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ òun wá ṣe Kérésì ní Ìlá. Ó wá wo pálọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ó dúró láàárín rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní òun kò lè kó èèyàn wá síbi tó dà bí ilé tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́tò gbé òun àti idẹ dé.

Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo mọ iye wọn dájú nítorí pé èmi ni wọ́n ní kí n máa nù wọ́n. Tíréè mẹ́ta wà tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, ẹyẹ ọ̀kín méjì, ọ̀pá àbẹ́là méjì, ìkòkò òdòdó kan tí kò sí òdòdó nínú rẹ̀, tábìlì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ idẹ kan, agogo ọwọ́ kan, àti abọ́ ńlá kan tó gbóòrò tó apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń ru kòkó. Nígbà tí wọ́n ń kan tíréè mọ́ ògiri, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ta ni yóò máa gun àkàbà lọ jẹun níbẹ̀ yẹn?" Àǹtí Ìbàdàn dáhùn pé, "Ìyá, ẹ̀ṣọ́ ni." Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ tó ń wá oúnjẹ tí kò rí." Bàbá mi gbé rédíò rẹ̀, ó jáde. Ní tèmi, agogo ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sú mi. Àǹtí kì í pe orúkọ mi mọ́, ńṣe ló máa ń mì í gbin-gbin-gbin láti inú pálọ̀, bí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ìka kan lé ẹ̀yìn ẹyẹ ọ̀kín, á fi ìka náà hàn mí. Eruku ọyẹ́ ni. Ìgbà ọyẹ́ ni a wà, eruku Ìlá sì pupa, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Bí mo bá nù ún láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ó tún ti wọ aṣọ. Mo ṣì ń rántí bó ṣe ń rẹ̀ mí, àti bí ọwọ́ mi ṣe ń rùn nínú kíláàsì, tí ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ń fi ìwé bo imú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń nu idẹ lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ṣe é. Omikan la fi ń nù ún, ìyẹn omi kíkan tó máa ń wà lórí ògì bí ó bá ti sùn mọ́jú. Ẹ ó jọ eérú ààrò, ẹ ó fi omikan pò ó kó le díẹ̀, ẹ ó fi kànìnkànìn ha ara idẹ náà ní ọ̀nà kan, ẹ kò ní máa yí ọwọ́ ká. Lẹ́sẹ̀kan náà, kí ó tó gbẹ, ẹ ó fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó fi àkísà nù ún, ẹ ó gbé e sóòrùn. Ìyá mi ló kọ́ mi, gbólóhùn kan ló sì ń tẹnu mọ́: "Fi omikan nù ún, má fi rẹ ẹ́." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe sọ fún òun. Òun náà kò sọ ìdí rẹ̀. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé mo máa padà síbẹ̀.

Abọ́ ńlá yẹn ni kò gbà fún mi. Àmì dúdú mẹ́ta wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú, ó dà bí ìka ẹni tó fi ọwọ́ elépo kàn án. Mo fi eérú ha á, mo fi iyanrìn ha á, kò lọ. Ní Ọjọ́rú kan, Àǹtí Ìbàdàn tún mi agogo rẹ̀. "Dúpẹ́, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni? O ò rí ibí yìí?" Ó ní òun ń padà sí Ìbàdàn lọ kó kọ́tìnnì wá, òun á dé ní Sátidé, òun kò sì gbọdọ̀ bá àmì kankan nínú abọ́ náà. Bí ó ṣe lọ ni mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìn àwọn ìkòkò omi, níbi tó ṣókùnkùn. Mo da omikan kún inú rẹ̀ títí ó fi bo àwọn àmì náà, mo wá fi apẹ̀rẹ̀ dé e. Mo ní bí mo bá tilé ìwé dé lọ́la, màá ṣàn án. Mo mọ ohun tí ìyá mi sọ. Ó ti sú mi ni.

Ní ọjọ́ kejì, ara Àdùkẹ́ gbóná. Gbogbo ilé yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi náà ń ti ilé ìwé bọ̀ wá jókòó tì í, mo sì gbàgbé abọ́ pátápátá. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tí ibà náà kò lọ, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí Ìyá Eléwé. Obìnrin yìí ń ta ewé àti egbò lọ́jà, ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta sí tiwa lọ, kò sì sí ọmọ ní àdúgbò wa tí kò mu àgbo ewé rẹ̀ rí. Ó kó ewé dóńgóyárò, koríko ọba àti èèpo mángòrò wá. Ìyá Àgbà tò wọ́n sínú ìkòkò àgbo. Ó nawọ́ igbá sí mi. "Dúpẹ́, lọ bu omikan wá lórí ògì ìyá rẹ." Omikan ni wọ́n fi ń se àgbo ibà nílé wa. Mo ṣí ìkòkò ògì, mo bá omi tuntun níbẹ̀. Ìyá mi ti da omikan nù láàárọ̀ kó tó ru ògì lọ sọ́jà. Bí mo bá sọ pé kò sí, wọ́n á ní kí n lọ tọrọ rẹ̀ ní ilé ọ̀nà jíjìn, oòrùn sì ti mú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí èyí tó wà nínú abọ́. Mo rò ó báyìí pé: omikan kò yàtọ̀ sí omikan, inú ohun dídán tó jẹ́ ti Àǹtí ló sì wà, kì í ṣe inú ìdọ̀tí. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀. Nígbà tí mo bù ú jáde, mo rí i pé ó ní àwọ̀ díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi búlúù sí láti fi ṣan aṣọ funfun. Mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Mo sáré gbé e fún Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó dà á lé ewé lórí, ó sì gbé e kaná. Àwọ̀ àgbo kúkú máa ń dà bí ti ewé tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀?

Ìgbà tí Àdùkẹ́ mu ún, ó fajú ro. "Ìyá Àgbà, ó dà bí ìgbà tí mo bá fi kọ́bọ̀ sẹ́nu." Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ní kí o máa fi kọ́bọ̀ sẹ́nu? Gbé e mì." Ó gbé e mì, ó tún mu ìdajì ife sí i. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ń bì, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń bì, ó di ikùn mú, ó ká jọ sórí ẹní bí ewé kókò tí iná rà. Ìyá mi tọjà dé, ó ju igbá ògì sílẹ̀. Mọ́tò Àǹtí Ìbàdàn náà dé, kọ́tìnnì kún apá rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé kọ́tìnnì kalẹ̀ tó fi ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Eléwé wá. Èmi ni wọ́n rán. Mo pè é wá, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ewé wo lo kó wá fún ọmọ wa?"

Ìyá Àgbà dá Àǹtí Ìbàdàn lẹ́kun lórí ìdúró. "Má ṣe fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀. Ó jù ọ́ lọ."

"Ìyá, ẹ wo ọmọ nílẹ̀!"

"Mo rí ọmọ. Mo ní ó jù ọ́ lọ."

Ìyá mi náà kò lè mú un mọ́ra. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé, "Ìyá Eléwé, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ ẹ̀ bá kúkú sọ fún mi." Àwọn aládùúgbò ti ń yọrí lójú fèrèsé. Ìyá Eléwé kọjú sí gbogbo wa. Ó ní, "Oríṣi mẹ́ta ni mo kó wá, ó ṣì wà nínú ìkòkò, ẹ kó o síta kí gbogbo ayé wò ó. Àwọn ọmọ ìlú yìí ni mo ti ń ta ewé fún kí ẹ̀yin tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn." Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé igbá tí àgbo kù sí. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ ewé mi ló ṣe ọmọ yìí, kó ṣe èmi náà." Ó gbé e sókè, ó ti kan ètè rẹ̀.

Mo figbe ta. "Ẹ má mu ún! Kì í ṣe ewé! Omikan inú abọ́ idẹ ni!"

Igbá náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Àdùkẹ́ ń kérora lórí ẹní. Ìyá Àgbà ní kí n lọ gbé abọ́ náà wá. Mo gbé e, ọwọ́ mi yọ̀, ó já lulẹ̀, etí rẹ̀ kan tẹ̀. Díẹ̀ nínú ohun tó kù nínú rẹ̀ dà sórí iyanrìn, kò sí ẹni tí kò rí àwọ̀ rẹ̀ ní ìta gbangba. Ìyá Àgbà kò bú mi. Ó ní kí ìyá mi bu ìyókù rẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n gbé e dání lọ sí ọsibítù, kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá mi gbé alùpùpù rẹ̀ jáde, Àdùkẹ́ wà láàárín òun àti ìyá mi, ìgò náà wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Dókítà sọ fún bàbá mi pé ìgò yẹn ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ibà ni àwọn ì bá máa tọ́jú. Ó ní ohun kíkan kì í jókòó sínú idẹ kó má bá idẹ jáde, ìyẹn ni pé díẹ̀ lára idẹ á yọ́ sínú rẹ̀, á sì di májèlé. Ìdí tí ìyá mi kò mọ̀, tí ìyá tirẹ̀ kò sọ fún un, nìyẹn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún mi, bóyá ǹ bá ti rin oòrùn yẹn lọ tọrọ omikan. Mi ò fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́. Bí mo ṣe rò ó ni mo ṣe sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí a ń dúró de ìròyìn láti ọsibítù, Àǹtí Ìbàdàn gbé abọ́ náà nílẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀. Àwọn àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Ó ní, "Abọ́ náà kúkú dán." Títí dòní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi máa ń ru. Ìyá Àgbà gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó bí wa fi idẹ rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọn ò ní ká bọ́ ọmọ ní idẹ." Láti ọjọ́ náà lọ, obì àti kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún Ìyá Eléwé ní ojúde, níṣojú àwọn tó yọrí lójú fèrèsé. Àǹtí Ìbàdàn kò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀kan nínú àwọn tíréè kúrò lára ògiri, ó fi rán mi sí i. Mo rò pé yóò kọ̀ ọ́. Ó gbà á, nígbà tó sì di ọjọ́ ọjà, orí tíréè yẹn ló pàtẹ ewé gbígbẹ sí, ó ń kọ mànà láàárín ọjà débi pé àwọn ará oko ń bi í bóyá ó ti joyè. Ìyá Àgbà ní èmi ni màá máa bá a nu tíréè náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, mo sì nù ún títí mo fi wọ ilé ìwé girama. Eérú àti omi ni mo fi ń nù ún, kò sí omikan. Nínú gbogbo mọ́kànlá, òun nìkan ni kò sú mi. Àwọn ọ̀rẹ́ Àǹtí wá ṣe Kérésì wọn, wọ́n jẹ iyán, wọ́n mu ẹmu, wọ́n lọ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ń yìn. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ idẹ.

Àdùkẹ́ ń bẹ láàyè, ó ń ṣòwò ní Ìlọrin, ó sì sanra jù mí lọ. Bí a bá pàdé níbi ìpéjọ ẹbí tí mo bu nǹkan mímu fún un, á gbé ife náà sókè wò ó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú kí lẹ ti bu eléyìí wá?" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Bísọ́lá, ó ku ibì kan. Ní Kérésì tó kọjá tí o wá sí Ìlá, o rí abọ́ idẹ kan nínú yàrá ẹrù, obì gbígbẹ wà nínú rẹ̀, etí rẹ̀ kan tẹ̀. O ní, "Mọ́mì, èyí á bá pálọ̀ mi mu." Mo ní kí o máa gbé e lọ. Mo bá ọ nù ún, mo bá ọ fi aṣọ wé e, mi ò sì sọ nǹkan kan. Òun ló wà láàárín tábìlì rẹ nínú fọ́tò kẹrin, mo rí etí rẹ̀ tó tẹ̀. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo dákẹ́ lórí abọ́ kan náà, ìgbà yìí ọmọ rẹ ló gbé ife. Jọ̀ọ́, da sobo yẹn nù, ṣan abọ́ náà, nù ún gbẹ, kí o sì kó obì sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń fi idẹ ṣe ilé yín lẹ́ṣọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é lọ, ó dára lójú. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ fi ṣe ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bu omi ọsàn, sobo, omikan tàbí ohunkóhun tó bá kan sínú rẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá sì ń fi ohun èlò àwọn ìyá yín lé àwọn ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìdí fún wọn.